Bọ̀dá Kí-Ló-Pa-Yín-Lẹ́rìn-ín

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín, ó lè jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ọkọ àbúrò ìyàwó yín tí ẹ kì í rí àfi níbi ìsọmọlórúkọ. Bí ogún èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ àgọ́, òun ni ẹnì kọkànlélógún tí yóò wúkọ́ díẹ̀, tí yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, tí yóò fi etí agbádá nù ún títí gbogbo ẹnu yóò fi pa, tí yóò wá béèrè jẹ́jẹ́ pé: "Ẹ má bínú o. Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín gan-an?"

Nínú mọ̀lẹ́bí tiwa, ìbéèrè yìí ló di orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ló fún un ní orúkọ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pè é, nígbà tó yá wọ́n ń pè é lójú rẹ̀, kò sì bínú. Mo tilẹ̀ rò pé ó ń dùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń jẹ́ Bọ̀dá Kí-Ló-Pa-Yín-Lẹ́rìn-ín kò lè sọnù sáàárín èrò, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù láyé yìí kò ju kó sọnù sáàárín èrò lọ.

Fíìmù tó so orúkọ náà mọ́ ọn pinpin ni A Tribe Called Judah, èyí tí Fúnkẹ́ Akíndélé àti Adéolúwa Owú jọ darí, tó dé sinimá ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, bó ṣe lọ rèé. Jedidah Judah, tí Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe, bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún, ẹ̀yà bàbá kọ̀ọ̀kan sì lọ́tọ̀. Emeka àti Adamu mú iṣẹ́ ṣe. Àwọn mẹ́ta yòókù ni ká máa gbàdúrà fún: Pere ń jalè, Shina ń ṣe ọmọ ìta, Ejiro kò ní ohun méjì tó ń ṣe ju ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Testimony lọ. Àìsàn kíndìnrín wá kọlu ìyá wọn. Owó ìtọ́jú ò sí. Àwọn ọmọ bá gbìmọ̀ pọ̀ láti lọ ja ọ̀gá tí Emeka ti bá ṣiṣẹ́ lólè, ọ̀gá tí owó tirẹ̀ náà kò mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n lọ gan-an ni àwọn adigunjalè gidi yan láti wá.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi kó tìyá-tọmọ lọ síbẹ̀. Àdúgbò wo ni kò ní irú ìyá bẹ́ẹ̀, tó ń fi ẹnu na ọmọ, tó sì ń fi ọwọ́ bu oúnjẹ fún un? Kí oṣù Kìíní ọdún 2024 tó parí, owó tí fíìmù náà pa ní sinimá Nàìjíríà ti kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Kò sí fíìmù wa kankan tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Oṣù Kìíní yẹn náà la sọ ọmọ lórúkọ ní Bódìjà. A ti jẹun tán. Àwọn ọ̀dọ́ ń sín Jedidah jẹ, wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ bú ara wọn. Ìyá Àgbà, tí kò gbọ́ ju ìdajì Gẹ̀ẹ́sì inú fíìmù náà lọ, ti rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀. Létí àgọ́ ni Bọ̀dá wa jókòó sí. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó, nítorí ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí gbogbo ojú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jẹ́ kí ẹ̀rín náà gbóná dáadáa kó tó bọ́ awò.

Owó ló fi bẹ̀rẹ̀. "Bílíọ̀nù kan, bílíọ̀nù kan. Bílíọ̀nù ọdún wo? Ṣé náírà tó jábọ́ ní 2023 yìí náà lẹ ń kà fún mi? The Wedding Party pa bíi 450 mílíọ̀nù nígbà tí dọ́là kan ò ju nǹkan bíi 300 náírà ní báńkì. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀."

Kúnlé, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ṣírò rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà sì jóòótọ́. Bó bá jẹ́ dọ́là la ó fi wọ̀n wọ́n, The Wedding Party, fíìmù Kẹ́mi Adétiba tó jáde ní 2016, kò rẹlẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ fẹ́ẹ̀ wọ̀ wá lára. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ká aṣọ ọmọ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Tóbi, ṣebí The Wedding Party yẹn náà lẹ ní kì í ṣe fíìmù. Ẹ ní ówàḿbẹ̀ tí wọ́n gbé kámẹ́rà lọ ni."

Ó ní ìgbà yẹn yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Nígbà yẹn, gbogbo ìlú ló ń pariwo Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, tó ṣe ìyá ìyàwó tó jó wọ ilé àsè tí ilẹ̀ fẹ́ẹ̀ là. Kò sí àyè níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ dá dúró. Nígbà tó fi di 2024, ariwo náà ti lọ sílẹ̀, fíìmù náà sì ti di ohun tí èèyàn pàtàkì lè fẹ́ràn.

"Ẹ̀ẹ̀kejì," ló wí, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀kan tutù, "àwọn ọmọ yẹn jalè. Olè lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún."

Ìyá Àgbà ní, "Àna mi, ṣé kí ìyá wọn kú ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Mà."

"Kí lẹ wá sọ?"

Kò dáhùn ìyẹn. Kúnlé wá rò pé ọ̀nà ti là, ó bi í bóyá ó tilẹ̀ ti wo fíìmù náà. Ibi tí àwọn tí kò mọ irú èèyàn yìí dáadáa ti ń ṣì í mú nìyí. Wọ́n rò pé aláìwò-ń-bú ni. Rárá o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bọ̀dá ti wò ó. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kíní kó lè mọ̀ pé kò dára, ó sì padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sanwó, ó sì ra gúgúrú. Nínú bílíọ̀nù tó ń fi ẹnu tẹ́ yẹn, owó tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tún ní ó rẹ́rìn-ín títí tí ẹni tó jókòó níwájú wọn fi wẹ̀yìn.

"Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ," Bọ̀dá wí, "ẹ̀rín là á fi í rín."

Ó wá fi wá sílẹ̀ nínú Judah, ó gbé wa lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ní bó bá jẹ́ fíìmù mọ̀lẹ́bí tó ń pani lẹ́rìn-ín gidi la ń wá, ká lọ wo Little Miss Sunshine. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ dùn dénú eegun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: 2006 ló jáde, tọkọtaya kan, Jonathan Dayton àti Valerie Faris, ló darí rẹ̀, mílíọ̀nù 8 dọ́là péré ni wọ́n fi ṣe é, ó sì pa ju 100 mílíọ̀nù lọ, ó gba Oscar méjì, ọ̀kan fún Michael Arndt tó kọ ìtàn náà, èkejì fún Alan Arkin tó ṣe bàbá àgbà. Èyí tí kò tètè sọ fún wa ni pé fíìmù tí gbogbo ayé fẹ́ràn ni. Lábẹ́ àgọ́ yẹn, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, ìyẹn sì tó o.

Ó ní ìdílé kan ní Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, fẹ́ gbé ọmọbìnrin wọn kékeré, Olive, lọ sí ìdíje ẹwà ọmọdé ní California. Bàbá ọmọ náà ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọ̀nà mẹ́sàn-án tí wọ́n lè gbà ṣàṣeyọrí, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì ṣe àṣeyọrí kankan. ("A ní irú wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa," Kúnlé wí.) Arákùnrin ìyá ọmọ náà, ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ọsibítù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti jáde nítorí ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Olive ti ya ẹnu rẹ̀ ní odi títí dìgbà tó bá di awakọ̀ òfuurufú. Bàbá àgbà ń fa oògùn olóró. Gbogbo wọn há sínú bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ kan, aláwọ̀ ìyeyè, tí jíà rẹ̀ kì í wọlé àfi kí wọ́n tì í, kí wọ́n sì máa sáré fò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ dúró ná," Alhájì wí. Alhájì jẹ́ àna wa, ó ti ní dánfó méjì rí l'Ékòó. "Bọ́ọ̀sì Volkswagen?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Yẹ́lò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n ń tì í, wọ́n sì ń fò wọ̀ ọ́ lórí eré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Dánfó nìyẹn. Oscar wo ni wọ́n tún ń fún dánfó?"

Láti ibẹ̀ ni fíìmù náà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹnì kan béèrè ẹni tó jẹ́ kọ̀ńdọ́. Ẹlòmíràn kígbe pé, "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé pé bọ́ọ̀sì náà ní ìtumọ̀, pé ìdílé tí kò bá jọ tì kò lè jọ lọ. Alhájì ní ìtumọ̀ tí òun mọ̀ ni pé mẹkáníìkì wọn ń tàn wọ́n jẹ. Bọ̀dá bá sáré débi ikú, kí ojú wa lè le díẹ̀. Ó ní bàbá àgbà kú lójú ọ̀nà, àwọn ará ọsibítù ní àwọn ò lè gbé òkú náà sílẹ̀ láìṣe ìwé, àwọn ọmọ rẹ̀ bá gbé e gba ojú fèrèsé, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, kí wọ́n má bàa pẹ́ débi ìdíje.

Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá Àgbà tún gèlè rẹ̀ wé.

"Òkú bàbá ta ni?"

"Bàbá tó bí bàbá ọmọ náà, Mà."

"Ọmọ rẹ̀ gan-an ló ń wakọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Wọn ò ránṣẹ́ sáwọn ará ilé? Wọn ò dá aṣọ?"

Ẹ̀rín tó bú nígbà yẹn ju ti Judah lọ. Mo ń wo ojú ọkùnrin náà. Ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ rẹ̀ ni.

Nígbà tó máa fi di Àjíǹde, kò sẹ́ni tí kò tíì wo Little Miss Sunshine nínú ilé. Kúnlé ló wá a jáde, tó gbé e kiri. Àwọn ọmọ ń ti ọkọ̀ Alhájì tí kò bàjẹ́, wọ́n ń fò wọlé. Níbi tí Olive ti jó ijó tí bàbá àgbà kọ́ ọ, ijó tí kò yẹ ọmọdé rárá, tí ojú àwọn ará gbọ̀ngàn fà ro, tí bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti arákùnrin ìyá rẹ̀ sì gun orí pèpéle lọ bá a jó, omi bọ́ lójú Ìyá Àgbà. Ó ní wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sin bàbá, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kójú ti ọmọ wọn lóun nìkan. Mo ti ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa fíìmù yìí. N kò rí èyí tó sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọ̀rọ̀ Olive la ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ ikọ́.

"Ẹ má bínú o. Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín nínú ìyẹn?"

Ṣe lẹnu ya wá. Ó ní ká wò ó dáadáa. Ó ní ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé yẹn ni wọ́n so àmì kan mọ́ lọ́rùn: èyí kì í sọ̀rọ̀, èyí fẹ́ kú, èyí ń fa oògùn, èyí ń wàásù àṣeyọrí. Ó ní tí ẹ bá já àmì náà, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó ní àwọn Amẹ́ríkà fúnra wọn mọ̀, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé The Departed ni wọ́n gbé Oscar fíìmù tó dára jù lọ fún lọ́dún yẹn.

Kúnlé ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin mà lẹ ní ká lọ wò ó."

"Mo ní kẹ́ ẹ wò ó. Ṣé mo ní kẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Àmì wà lọ́rùn wọn lóòótọ́. Onírúurú fíìmù tó tẹ̀ lé e ló sì ra àmì yẹn ní ọ̀pọ̀, tí wọ́n ń rò pé bí mọ̀lẹ́bí bá ti ṣe wèrèwèrè tó, tí ọkọ̀ wọn sì gbó, fíìmù ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí àmì yẹn yẹ kó rí ibi tó ti já. Dwayne, ẹ̀gbọ́n Olive, ṣàdédé mọ̀ pé ojú òun kò lè ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì, èyí tó túmọ̀ sí pé kò lè wa ọkọ̀ òfuurufú láéláé. Ó já wọ inú pápá, ó pariwo, odi rẹ̀ wó. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Olive ló rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, ó jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, kò sọ nǹkan kan. Dwayne dìde. Kò sí àmì kankan níbẹ̀ mọ́, ọmọ méjì ló kù. Bọ̀dá wo ibẹ̀. Ojú tó fi ń wá ohun tí àwa fẹ́ràn ló fi wò ó, ojú yẹn kò sì lè rí nǹkan míì.

Ti Judah náà, n kò ní purọ́, ọ̀nà kan wà tí n kò fi bá ogunlọ́gọ̀ lọ. Ìdajì àkọ́kọ́ fíìmù náà, tó jẹ́ ti ìyá àti ọmọ nínú ilé, ni mo fẹ́ràn. Láti ìgbà tí ìbọn ti jáde, àwọn ọmọ márùn-ún tí ohùn àti ìwà wọn ti yàtọ̀ síra di èèyàn márùn-ún tó ń sá fún ìbọn. Àwọn bàbá márààrún, tí ìtàn tó pọ̀ wà lọ́rùn wọn, kíákíá la kọjá lórí wọn. Ẹ wá bi mí ibi tí mo ti sọ èyí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. N kò sọ ọ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n kà á mọ́ Bọ̀dá? Ajá tó bá ń gbó gbogbo ẹni tó bá kọjá, lọ́jọ́ tí olè bá dé, onílé kò ní jí.

Ṣùgbọ́n ká tó da gbogbo ẹ̀bi lé e lórí, àwa náà ńkọ́? Nígbà tí bílíọ̀nù dé, kò sí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè sọ mọ́. Àdùkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, kàn ní ibi ìdigunjalè yẹn gùn díẹ̀ lójú òun. Wọ́n fẹ́ẹ̀ gba ẹran ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ìlara ni, wọ́n ní kó lọ ṣe tirẹ̀ ká wò ó, bí ẹni pé àfi ẹni tó bá mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè ló lè sọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn onílàákàyè pa ẹnu mọ́. Àwọn tí ojú wọn le ló kù tó ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo mọ àìsàn tó ń ṣe Bọ̀dá. Ó gbọ́ tí Àdùkẹ́ gbè é lẹ́yìn. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, àbí? Ara rẹ̀ ò lélẹ̀ mọ́. Ó sún kúrò lórí àga. Ó wo ọmọbìnrin náà bí ẹni wo ẹni tó jókòó sórí fìlà rẹ̀, ó sì wí pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, kò kúkú burú tó bẹ́ẹ̀ yẹn náà. Fúnkẹ́ gbìyànjú."

Kò jogún ìwà yìí lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá tó bí i náà jókòó létí àgọ́ ní tirẹ̀. Nígbà tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ń gbé aago kọ́rùn, tó ń so táì gbàgẹ̀rẹ̀, tí èrò ń ya lọ wò ó, bàbá náà ní jàgídíjàgan lásán ni, pé ọkùnrin tó ń ṣe tíátà gidi ni Dúró Ládiípọ̀. Ọmọ rẹ̀ kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ní ti ọmọ, Bàbá Sàlá ni aláwàdà ìkẹyìn tí Yorùbá bí, Ọ̀run Móoru ọdún 1982 kò sì tíì lẹ́gbẹ́. Bàbá Sàlá ti di ẹni ilẹ̀ láti 2018. Kò sí èrò kankan tó ń tò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni lè lọ dúró níbẹ̀ kó sì dá wà.

Mo ń sọ gbogbo èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Fúnkẹ́ gbé òmíràn jáde, orúkọ tó sì sọ ọ́ ni Everybody Loves Jenifa. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn Jénífà. Láti 2008 la ti mọ Jénífà, òótọ́ ni pé àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi orúkọ fíìmù bú ọkùnrin yìí tó bẹ́ẹ̀ rí. Odidi ọ̀sẹ̀ ló fi ń jà níṣojú pátákó. "Gbogbo èèyàn kẹ̀? Ta ló bi mí léèrè?"

Ọjọ́ tí a kó àwọn ọmọ lọ sí sinimá, a bá a níwájú wa lórí ìlà, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bi í pé fíìmù wo ni. Ó na ìka. Ọmọbìnrin náà wẹ̀yìn, ó rí pátákó bíi mẹ́fà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárúkọ ẹ̀."

Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó rí wa.

"Èyí tí gbogbo yín fẹ́ràn yẹn," ló wí. "Ẹ já méjì fún mi. Ẹ fi gúgúrú ńlá kan sí i."